Orí Keje: Òṣùwọ̀n Tí Wọ́n Fi Ń Ṣa Àlejò

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkòròdú. Ẹni ọdún 29 ni, kò tíì lọ́kọ, ó ní dìgírì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì ti fi ọdún mẹ́ta gbáko ṣe iṣẹ́ náà. (Àpẹẹrẹ lásán ni o, ẹ má wá a lọ.) Ó ṣe ìdánwò IELTS, èsì sì jáde: 8.0 nínú ìgbọ́ràn, 7.0 nínú ìwé kíkà, 7.0 nínú ọ̀rọ̀ sísọ, àmọ́ 6.5 nínú ìwé kíkọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jáde nílé ìwé, tí ọjọ́ orí wọn, dìgírì wọn àti iṣẹ́ wọn kò yàtọ̀, gba 7.0 nínú ìwé kíkọ. Ààbọ̀ máàkì péré ló wà láàárín wọn. Tí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ìjọba Kánádà, ààbọ̀ máàkì yẹn á di póìǹtì 45: ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní 429, òun á ní 384.

Báwo ni ààbọ̀ ṣe bí márùndínláàádọ́ta? A ó ṣe ìṣirò náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níwájú. Ká tó débẹ̀, ó yẹ ká mọ ẹni tó gbé òṣùwọ̀n yìí kalẹ̀, ká sì mọ ohun tó ń fi wá.

Kí là ń pè ní ètò oní-póìǹtì?

Láyé àtijọ́, tí àlejò bá dé ìlú Yorùbá tó ní òun fẹ́ máa gbébẹ̀, wọ́n á bi í léèrè ibi tó ti wá, ẹni tó mọ̀ ọ́n nílùú, àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Alágbẹ̀dẹ tètè máa ń rí ilẹ̀ gbà ju ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ lọ. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní December 1851, tí Ọba Kòsọ́kọ́ sì sá kúrò níbẹ̀, Ẹ̀pẹ́ ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Wọn kò wá lọ́wọ́ òfo. Jagunjagun wà nínú wọn, oníṣòwò wà nínú wọn, àwọn tó mọ ojú ọ̀sà bí ẹní mọ ojúde ilé baba wọn náà wà níbẹ̀. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ, ní 1854, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn fi wá bá a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Títí di òní, ọmọ Ẹ̀pẹ́ mọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ yàtọ̀ sí Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ máàkì sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà, àmọ́ wọ́n ń wọn èèyàn.

Ètò oní-póìǹtì ló gbé ìwọ̀n yẹn kúrò lójú àti lẹ́nu, tó gbé e sórí ìwé. Ìjọba tó fẹ́ gbàlejò á to ohun tó ń wá sílẹ̀: ọjọ́ orí, ìwé ẹ̀rí, èdè, iye ọdún tí èèyàn ti fi ṣiṣẹ́, nígbà mìíràn ẹbí tó ti wà lọ́hùn-ún. Á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀, á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, á sì fi iye kan ṣe ààlà. Ètò yìí yàtọ̀ sí ti ẹni tí ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ pè, ó sì yàtọ̀ sí ti ẹni tó sá fún ogun. Ẹni tí ètò yìí ń wò kò ní láti mọ ẹnikẹ́ni lọ́hùn-ún. Nọ́ńbà rẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀ fún un.

Oríṣi méjì ló wà, kò sì yẹ kó ṣòro fún ọmọ ilé ìwé Nàìjíríà láti dá wọn mọ̀. Ọ̀kan dà bíi WAEC: ẹni tó bá ti gba C6 ti yege, kò kan an bí àwọn mìíràn ṣe pọ̀ tó. Èkejì dà bí ìgbà tí yunifásítì ń fi èsì JAMB mú akẹ́kọ̀ọ́: o lè gba 230 kí o ṣì jókòó sílé, torí pé àwọn tó gba 280 pọ̀ lọ́dún yẹn. Nínú oríṣi kejì yìí, kì í ṣe ìwọ nìkan ni wọ́n ń wọ̀n. Ìwọ àtàwọn tẹ́ ẹ jọ tò sórí ìlà ni.

Láti àwọ̀ ara dé orí ìwé

Kánádà ló kọ́kọ́ lo ètò yìí láyé, ní 1967. Ṣáájú ìgbà náà, àwọ̀ ara ni òṣùwọ̀n. Ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tó jẹ́ aláwọ̀ funfun ló ń rí ọ̀nà wọlé. Ọmọ Áfíríkà, ọmọ Éṣíà àti ará erékùṣù Caribbean kì í sábà rí i. Ní 1962, mínísítà Ellen Fairclough gbé òfin tuntun jáde tó ní kí wọ́n máa wo ìmọ̀ọ́ṣe dípò àwọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ òfin náà kò sọ bí òṣìṣẹ́ tó jókòó sí èǹbásì ṣe máa wo ìmọ̀ọ́ṣe ọ̀hún. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n tó to òṣùwọ̀n sílẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 100, ẹni tó bá gba 50 ti yege. Ìwé kíkà nìkan kó 20, póìǹtì kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí èèyàn fi wà nílé ìwé. Ọjọ́ orí kó 10, èdè kó 10.

Ẹ fojú sí ìlà kan níbẹ̀. Póìǹtì 15 wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò, kó fi wọn ìwà àti akitiyan ẹni náà bó bá ṣe rí i. Àwọn tó ní àwọn kò fẹ́ kí wọ́n máa fojú wọn èèyàn mọ́ ṣì yọ 15 sílẹ̀ fún ojú.

Èmi ò gbà pé inú rere nìkan ló fa àyípadà náà. Yúróòpù ti gbérí lẹ́yìn ogun, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ ti rí iṣẹ́ sílé, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ dà lọ sí Kánádà mọ́. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ kò bá wá mọ́, á wá oníbàárà mìíràn. Ọsirélíà tẹ̀ lé e: ní 1973 ló jáwọ́ nínú òfin aláwọ̀ funfun nìkan, ó sì bẹ̀rẹ̀ póìǹtì tirẹ̀ ní 1979. New Zealand dé ní 1991. Ìlú Ọba dán an wò ní 2002, ó tún un ṣe ní 2008, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2021. Tìyẹn ń bọ̀.

Ìṣirò nọ́ọ̀sì Ìkòròdú

Láti January 2015 ni Kánádà ti ń lo ètò tí wọ́n ń pè ní Express Entry. Ẹnu ọ̀nà méjì ló ní fún irú ẹni tí à ń sọ yìí. Ti àkọ́kọ́ dà bíi WAEC: gba 67 nínú 100, kí wọ́n lè fi orúkọ rẹ sínú àpò. Ti kejì dà bíi JAMB: wọ́n á tún wọ̀n ọ́ lórí 1,200, wọ́n á to gbogbo àwọn tó wà nínú àpò láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á sì máa pe àwọn tó wà lókè láti ìgbà dé ìgbà. Ẹni tí wọn kò bá pè láàárín ọdún kan, kó tún orúkọ rẹ̀ fi sílẹ̀.

Ẹ mú bírò. Ọ̀rẹ́ nọ́ọ̀sì wa la ó kọ́kọ́ ṣírò. Ọjọ́ orí rẹ̀ fún un ní 110, òun ni èyí tó ga jù fún ẹni tí kò ní ọkọ tàbí aya. Dìgírì kan fún un ní 120. Èdè Gẹ̀ẹ́sì pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá dé ipele tí Kánádà ń pè ní CLB 9 mú 31 wá. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 124. Ó di 354. Lẹ́yìn èyí ni èrè àdàpọ̀: dìgírì pẹ̀lú èdè ipele 9 fún un ní 25, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta pẹ̀lú èdè ipele 9 fún un ní 50. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 429.

Ó kan èkejì. Ìwé kíkọ rẹ̀ jẹ́ 6.5, ìyẹn ipele 8. Dípò 31, 23 ló gbà níbẹ̀: 8 ti lọ. Àmọ́ èrè àdàpọ̀ kò ní kéèyàn dé ipele 9 nínú mẹ́ta. Ó ní kó dé e nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Torí náà 25 orí dìgírì já sí 13, 12 ti lọ. 50 orí iṣẹ́ já sí 25, 25 ti lọ. 8 àti 12 àti 25 jẹ́ 45. Ìdí rèé tí ẹ fi ń rí ẹni tó ti yege IELTS tó tún ń san owó lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta. Àwọn ará ilé á máa wí pé ṣé kò yege tẹ́lẹ̀ ni. Ó yege o, ààbọ̀ ló ń lé.

Ọjọ́ orí náà ń jẹ nínú póìǹtì láìpariwo. Ẹni ọdún 29 ní 110. Tó bá di 30, ó di 105. Ní 35, ó di 77. Ní 40, ó di 50. Ní 45, òfo. Níbi tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, àgbà là ń fún ní àga. Òṣùwọ̀n yìí gba àga lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má sì kà á sí ìwọ̀sí. Ìṣirò owó orí ni: ọ̀dọ́ tó bá wọlé lónìí á san owó orí fún ọgbọ̀n ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìfẹ̀yìntì. Gbogbo ìlà tó wà lórí òṣùwọ̀n náà ló ní ìbéèrè kan náà lábẹ́ rẹ̀: kí ni ẹni yìí máa mú wá fún wa? Kò sí ìlà kankan níbẹ̀ tó ń béèrè ohun tí ẹni náà ń fi sílẹ̀ ní Ìkòròdú.

Ṣé 429 tó? Nínú ìpè gbogbogbòò ti 2024, kò tó; àwọn tí wọ́n pè lé ní 500. Láti 2023, Kánádà tún ń ṣe ìpè fún ọ̀wọ́ iṣẹ́ kan tàbí èdè kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Iṣẹ́ ìlera wà lára wọn, ààlà rẹ̀ sì lè wá sísàlẹ̀. Tí ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà bá sì yan èèyàn fúnra rẹ̀, 600 ló máa bọ́ sórí ohun tó ní tẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò ní í wọlé pẹ̀lú ìyẹn. Àwọn nọ́ńbà yìí kì í dúró sójú kan. Ní March 2025, wọ́n fagi lé póìǹtì tí wọ́n ń fún ẹni tó ti ríṣẹ́ gbà sílẹ̀ kó tó lọ.

Owó tún wà lẹ́yìn póìǹtì. Ẹni tó dá lọ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní ju dọ́là Kánádà 15,000 lọ ní báǹkì, owó náà sì gbọ́dọ̀ ti jókòó fún oṣù mẹ́fà. Àwọn kan ń yá owó sínú àkáǹtì kí ìwé báǹkì lè dùn ún wò. Ẹni tí wọ́n bá mú nídìí irọ́, ọdún márùn-ún ni kò fi ní í lè béèrè fíísà Kánádà mọ́.

Ohun tí òṣùwọ̀n kò rí

Ẹ bá mi ká lọ sí Odogunyan, níbi táwọn ilé iṣẹ́ ńlá Ìkòròdú wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wẹ́dà kan ń jó géètì. Ó dáwọ́ dúró, ó ṣí awò dúdú sókè orí, ó fi òòlù kékeré gbá èépá tó bo ojú ìjó náà kúrò, ó sì tẹ̀ ba wò ó. Ihò kan wà níbẹ̀ tí kò ju imú abẹ́rẹ́ lọ. Oníbàárà kò lè rí i, ọ̀dà á sì bò ó. Ó sọ awò padà sójú, ó tún un jó. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó ti fi ọdún 12 dá dúró. Ìwé fírídọ́ọ̀mù rẹ̀ wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù nínú férémù, èéfín ti sọ ọ́ di àwọ̀ tíì.

Wẹ́dà wà lára àwọn oníṣẹ́ tí Kánádà ní òun ń wá. Ètò ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013 kò sì béèrè dìgírì. Kí ló wá dé? Ètò náà ní kó mú ọ̀kan wá nínú méjì: ìwé ìjẹ́rìí iṣẹ́ tí aláṣẹ kan ní Kánádà fún un, tàbí ìwé ìgbani-síṣẹ́ ọdún kan ó kéré tán. Ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wọ́n á tún ní kó mú ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ wá, ìyẹn ìwé, rìsíìtì, àkọsílẹ̀ báǹkì. Owó ọwọ́ làwọn èèyàn ń san fún un, ẹ̀yìn páálí sìgá ló sì ń kọ ìṣirò rẹ̀ sí.

Ká ní ọmọ ọdún 34 ni, kò tíì gbéyàwó, ó ní ìwé mẹ́wàá, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì wà ní ipele 5. Ọjọ́ orí 83, ìwé 30, èdè 24. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 137. Ọdún 12 tó fi dá dúró kò mú ẹyọ póìǹtì kan wá, torí pé ọdún iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè kì í dá ní iye lórí òṣùwọ̀n yìí. Ó gbọ́dọ̀ bá èdè tó ga rìn, tàbí kó bá iṣẹ́ tí èèyàn ti ṣe ní Kánádà rìn. Ojú tó rí ihò imú abẹ́rẹ́ yẹn kò sí lórí òṣùwọ̀n.

Ìyá tó ń yan ẹja lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ kò tilẹ̀ débẹ̀ rárá. Ó lé ní ọdún 45, òfo. Ìwé mẹ́fà ló kà, òfo. Òwò ẹja yẹn ló fi rán ọmọ lọ sí yunifásítì, ọmọ ọ̀hún ló sì ń kó póìǹtì jọ báyìí.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ èdè. Kánádà ń wá àwọn tó gbọ́ Faransé kíkankíkan. Tí nọ́ọ̀sì oní-429 bá kọ́ Faransé dé ipele 7 nínú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 62 ló máa fi kún tirẹ̀, á di 491. Ìpè ti àwọn elédè Faransé sì máa ń lọ sílẹ̀ gan-an ju ti gbogbogbòò lọ. Ẹ wá rò ó wò. Ní August 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà la ilẹ̀ Yorùbá já. Kétu àti Sákétẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà níhìn-ín. Ọmọ Kétu tó ń sọ Faransé láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń jẹ èrè ìlà yẹn lónìí níwájú ẹ̀rọ Kánádà. Ọmọ Ìkòròdú tí òun àti ọmọ Kétu yẹn gbọ́ Yorùbá ara wọn ń wá tíṣà Faransé kiri ní Sábó. Ní ti èdè Yorùbá tí àwọn méjèèjì jọ ń sọ, kò sí póìǹtì kankan fún un.

Ìlú Ọba: orúkọ ni póìǹtì

Tí ẹ bá gbọ́ pé Ìlú Ọba náà ń lo ètò oní-póìǹtì láti January 2021, ẹ má yára gbà á bẹ́ẹ̀. Póìǹtì 70 ni wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ ní. Ìwé ìgbani-síṣẹ́ látọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ tí ìjọba fún láṣẹ kó 20, ipele iṣẹ́ náà kó 20, èdè Gẹ̀ẹ́sì kó 10. Àádọ́ta yẹn kò ṣeé fi nǹkan mìíràn dípò. Owó oṣù ló sì sábà máa ń gbé 20 tó kù. Lórí òṣùwọ̀n gidi, ẹni tí apá kan rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lè fi apá kejì dí i. Níhìn-ín, tí ọ̀kan bá ti já nínú àádọ́ta yẹn, gbogbo rẹ̀ ti já. Agbanisíṣẹ́ ló ń yan èèyàn, ìjọba kàn ń ka ìwé tó kó wá.

Owó oṣù náà sì ń sáré. Pọ́n-ùn 26,200 lọ́dún ni ààlà gbogbogbòò títí di April 3, 2024. Lọ́jọ́ kejì, ó di 38,700. Ní July 2025, ó di 41,700. Ẹni tí wọ́n kà sí ọ̀jáfáfá lálẹ́ ọjọ́ kan jí láàárọ̀, kì í ṣe ọ̀jáfáfá mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò sì yí padà lóru.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni ẹ̀rí tó dájú jù. Ní February 2022, ilé ìtọ́jú arúgbó kò rí òṣìṣẹ́, ìjọba Ìlú Ọba sì kà á mọ́ iṣẹ́ tí èèyàn lè fi wọlé. Tíṣà lọ láti ibí, òṣìṣẹ́ báǹkì lọ, àwọn kan ta ilẹ̀ láti fi ra ìwé ìgbani-síṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí CoS lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tà á. Ní March 2024, wọ́n ní òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tuntun kò gbọ́dọ̀ kó ọkọ, aya tàbí ọmọ lọ mọ́. Ní July 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Àwọn arúgbó ọ̀hún ṣì wà lórí ibùsùn tí wọ́n wà.

Ìlú Ọba tún ní fíísà kan láti May 2022 fún àwọn tó jáde ní yunifásítì tó lórúkọ jù láyé, láìní iṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n gbé orúkọ àwọn yunifásítì náà jáde, ẹyọ kan ṣoṣo kò ti Áfíríkà wá.

Àwa náà ti ṣa èèyàn rí

Kò yẹ kí ọmọ Nàìjíríà sọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tí wọ́n máa ń ṣà nìkan. Ní November 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àlejò tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn Yorùbá tó ti ń ṣòwò ní Kumasi àti Accra fún ọ̀pọ̀ ọdún sì kó ẹrù wálé. Nígbà tí owó epo dé, ọ̀nà náà yí padà. Lọ́dún 1979, ìjọba Jákáńdè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Èkó, ilé ìwé pọ̀, tíṣà kò tó. Ọmọ Gánà wà lára àwọn tó wá kọ́ni káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò yín ẹni tó kọ́ wọn ní ìṣirò.

Ní January 17, 1983, ìjọba Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò níwèé jáde. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín wọn. Ẹni tí kò mọṣẹ́ kankan, ọjọ́ 14. Ẹni tó mọṣẹ́, ó di òpin February. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba lè dúró. Kò sí fọ́ọ̀mù oní-póìǹtì níbẹ̀, ìṣirò kan náà ni: a nílò tíṣà yìí, a kò nílò aláàárù yẹn. Ó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn tó lọ. Báàgì oní-ìlà-ìlà tí wọ́n kó ẹrù sí ṣì ń jẹ́ Ghana Must Go lọ́jà Ayangburen ní Ìkòròdú lónìí.

Títí di ìsinsìnyí, Nàìjíríà kò lo póìǹtì. Iye àlejò tí ilé iṣẹ́ kan lè gbà ni ìjọba ń fún un láṣẹ lé, ìyẹn expatriate quota, òfin sì ní kí ọmọ Nàìjíríà méjì máa kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn àlejò kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé Ẹ̀pẹ́ tí ó ń gba Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí kọjá, níbi tí ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote àti àwọn ilé iṣẹ́ agbègbè ọ̀fẹ́ wà, á rí irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀. Bóyá àwọn méjì yẹn ń kọ́ṣẹ́ ní tòótọ́ ni ìbéèrè tí mo máa fẹ́ kí aṣòfin kan béèrè. Ní February 2024, ìjọba ní kí ilé iṣẹ́ máa san 15,000 dọ́là lọ́dún lórí ọ̀gá tó jẹ́ àlejò, 10,000 lórí àwọn yòókù. Àwọn ilé iṣẹ́ figbe ta, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi dá a dúró.

Ẹni tó ṣẹ́kù nínú wọ́ọ̀dù

Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan bá jápa ní Ìkòròdú, iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀ á bọ́ sórí ẹni tó kù. Ní 2024, àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ ní Nàìjíríà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé Ìlú Ọba ti lé ní 10,000. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè 55 tí àìtó òṣìṣẹ́ ìlera wọn le jù, Ìlú Ọba sì ní òun kò ní í lọ máa polówó iṣẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fúnra rẹ̀ wá iṣẹ́ dé ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n á gbà á. Ní February 2024, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílé wa ní kí nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn tó bá gba ìwé àṣẹ kí àwọn tó fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun. Àwọn nọ́ọ̀sì jáde lọ fẹ̀hónú hàn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nínú òfin yẹn: ọdún méjì náà dín póìǹtì ọjọ́ orí kù fún ẹni tó ti lé ní 29, ó sì fi kún èrè iṣẹ́ fún ẹni tó kéré sí i. Òfin tí wọ́n ṣe láti dá àwọn èèyàn dúró lè tún ìwé àwọn kan ṣe fún ìrìnàjò.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Tíṣà kan ní Ẹ̀pẹ́ jẹ́ ẹni ọdún 35, kò tíì gbéyàwó. Ó ní dìgírì kan, ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, gbogbo èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì wà ní ipele 9. Ṣírò póìǹtì rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n 1,200. Iye wo ni ì bá ní ká ní ọdún 29 ló ti fi orúkọ sílẹ̀?

2. Kí ló mú kí òǹkọ̀wé sọ pé ètò Ìlú Ọba kì í ṣe òṣùwọ̀n gidi? Ṣé o gbà? Fi ìlà kan nínú ètò Kánádà gbè é lẹ́sẹ̀ tàbí ta kò ó.

3. Ká ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní àṣẹ láti fi póìǹtì pe oníṣẹ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà yòókù wá sí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Kọ ìlà márùn-ún tí wàá fi sórí òṣùwọ̀n rẹ, kí o sì pín 100 láàárín wọn. Ta ni òṣùwọ̀n rẹ máa fi sílẹ̀ sí ìta?

4. Lọ bá oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní àdúgbò rẹ, ì báà jẹ́ wẹ́dà, aránṣọ tàbí ẹni tó ń yan ẹja. Bi í léèrè ohun tó fi ń mọ̀ pé ọmọṣẹ́ rẹ̀ ti mọṣẹ́. Kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an, kí o sì gbìyànjú láti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní póìǹtì. Èyí tí o kò bá rí póìǹtì fún, kọ ọ́ sí ojú ìwé ọ̀tọ̀, kí o mú un wá sí kíláàsì.